Wọ́n gba owó àbúrò mi lójú títì Texas, wọn ò sì fẹ̀sùn kàn án: ṣé òfin Amẹ́ríkà gba èyí?

Ìbéèrè arábìnrin wa kan tó ń gbé ní Houston nìyí. Mo gé e kúrú díẹ̀.

«Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù irun dídì níbí. Àbúrò mi ọkùnrin kó èsúsú lóṣù tó kọjá, ó fi díẹ̀ kún un, ó di $23,400. Ó ń lọ sí Dallas láti ra ọkọ̀ méjì ní gbàǹjo, tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Èkó. Ọlọ́pàá dá a dúró lọ́nà, wọ́n ní ó yà sí ìlà kejì láì tan iná. Wọ́n bi í bóyá owó wà nínú ọkọ̀, ó ní ó wà. Wọ́n tú ọkọ̀, wọn ò rí oògùn olóró, wọn ò rí ìbọn. Wọ́n kó owó náà lọ, wọ́n fún un ní ìwé pélébé kan tí wọn ò kọ iye owó sí, wọ́n ní kó máa lọ. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Àwọn ará wa ní kó gbàgbé owó náà, torí gíríìnì káàdì ló ní, kó má lọ fa wàhálà lẹ́sẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òfin gba èyí ní Amẹ́ríkà? Ṣé olè kọ́ ni wọ́n jà?»

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, arábìnrin mi, ẹ bá mi kí àbúrò yín pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó kánjú: owó náà kò tíì di ti ìjọba. Ohun tó máa sọ ọ́ di tiwọn kíákíá ni kí àbúrò yín dákẹ́. Ire ni àwọn tó ní kó gbàgbé ẹ̀ ń fẹ́ fún un, mo mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó dákẹ́ gan-an ni òfin yìí ń jẹ jù. Mo máa padà sórí ohun tí ẹ máa ṣe. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí a mọ ohun tó bá yín, torí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò bá yé kò lè bá a jà.

Bẹ́ẹ̀ ni, òfin fún wọn láyè láti ṣe é. Civil forfeiture ni ẹ ó rí lórí àwọn ìwé wọn: ìyẹn ni kí ìjọba gba ohun ìní tó ní ó wá láti inú ìwà ọ̀daràn, láì kọ́kọ́ dá ẹni tó ni ín lẹ́bi. Ìjọba kò pe àbúrò yín lẹ́jọ́ rárá. Owó ni wọ́n ń pè lẹ́jọ́. Owó náà ni olùjẹ́jọ́, orúkọ owó náà ni wọ́n sì ń kọ sí iwájú ìwé ẹjọ́. Nítorí pé owó kì í ṣe ènìyàn, àwọn ààbò tí ìwé òfin Amẹ́ríkà fi yí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ká kò kàn án. Kò sí agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ tí ilé ẹjọ́ máa fún un. Kò pọn dandan kí ẹ̀rí dájú kọjá iyèméjì. Ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, ó tó kí wọ́n fi hàn pé ó jọ owó oògùn ju kó má jọ ọ́ lọ. Kí òfin àtúnṣe ọdún 2000 tó dé, kò tilẹ̀ tó ìyẹn: tí wọ́n bá ti ní ìdí láti fura, olówó ni yóò wá wẹ owó rẹ̀ mọ́.

Mo fẹ́ sọ ìtàn ẹjọ́ kan fún yín tó jọ ti àbúrò yín débi pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kó èsúsú ní Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n. United States v. $124,700 in U.S. Currency ni orúkọ rẹ̀. Ní 2003, ọlọ́pàá dá ọkùnrin kan dúró ní ọ̀nà márosẹ̀ I-80 ní Nebraska, wọ́n ní ó sáré jù. Wọ́n rí owó yẹn nínú kúlà tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ. Ọkùnrin náà ní òun àti àwọn ènìyàn òun ló dá owó jọ láti ra ọkọ̀ akẹ́rù oníyìnyín ní Chicago, pé nígbà tí òun fi máa débẹ̀ wọ́n ti tà á, òun ń padà sílé ni. Àwọn tó bá a dá owó náà wá jẹ́rìí sí i. Wọn kò rí oògùn kankan nínú ọkọ̀ náà. Ohun tó wà nílẹ̀ ni pé ajá ọlọ́pàá gbóòórùn lára owó, pé ọkọ̀ náà jẹ́ àyálò tí ẹlòmíràn fi orúkọ rẹ̀ gbà, pé ó di owó náà lọ́nà tí wọn kò fẹ́ràn, àti pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bi í, ẹ̀rù bà á, ó ní kò sí owó kankan lọ́wọ́ òun. Adájọ́ àkọ́kọ́ dá a láre. Ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, nígbà tó sì di 2006, méjì nínú àwọn adájọ́ mẹ́ta gba owó náà fún ìjọba. Ẹ wo ohun tó fi dára pé àbúrò yín sọ òtítọ́ nígbà tí wọ́n bi í. Inú mi dùn sí gbólóhùn yẹn ju gbogbo èyí tó kù nínú lẹ́tà yín lọ.

Ibi tí òfin yìí ti wá jìn. Láyé ọkọ̀ onígbòkun, tí ọkọ̀ bá kó ẹrù fàyàwọ́ tàbí tó bá ń dá àwọn ọkọ̀ mìíràn lọ́nà lójú agbami, ẹni tó ni ín lè wà lókè òkun níbi tí ọwọ́ òfin kò lè tó o. Wọ́n á pe ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́, wọ́n á tà á. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i nínú ẹjọ́ ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Palmyra ní 1827. Ìyẹn ṣì ní ìdí. Ṣùgbọ́n àbúrò yín kò sí lókè òkun. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ló dúró sí, ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n mọ ilé rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀daràn lójú wọn, kí ló dé tí wọ́n ní kó máa lọ?

Ohun tó ń dùn mí jù nípa ọ̀rọ̀ yìí ni pé irú rẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn ará Amẹ́ríkà bínú sí ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní Boston ní 1761, agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ James Otis dìde nílé ẹjọ́ láti tako ìwé àṣẹ kan tó fún àwọn aṣọ́bodè ọba láyè láti wọ ilé, ṣọ́ọ̀bù tàbí ọkọ̀ ẹnikẹ́ni láti wá ẹrù fàyàwọ́, láì dárúkọ ẹni tí wọ́n fura sí, láì sọ ohun tí wọ́n ń wá. Àwọn aṣọ́bodè yẹn ní ìpín nínú ohun tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé. Otis kò jàre. Ṣùgbọ́n John Adams, tó jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tó sì padà di ààrẹ, kọ ọ́ nígbà tó dàgbà pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti bí òmìnira. Ìbínú yẹn ló bí Àtúnṣe Kẹrin sí ìwé òfin, tó di òfin ní 1791, tó ní a kò gbọ́dọ̀ tú ara ènìyàn, ilé rẹ̀, ìwé rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé wọn, láì nídìí. Ẹni tó bá ka ìtàn yìí tán tó wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú títì Texas lónìí, á rí i pé ìpín tí àwọn aṣọ́bodè ọba ń jẹ ti padà wá, aṣọ mìíràn ló wọ̀.

Ọ̀nà tó gbà padà wá rèé. Ní 1970, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ogun ti oògùn olóró, àwọn aṣòfin ní kí wọ́n máa gba oògùn náà àti ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe é. Ní 1978 wọ́n fi owó kún un. Ní 1984 ni wọ́n ṣe èyí tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Títí di ìgbà náà, inú àpò gbogbogbòò ni ohun tí ìjọba àpapọ̀ bá gbà ń lọ. Òfin 1984 dá àpò ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdájọ́, kí wọ́n máa fi owó tí wọ́n bá gbà ṣe iṣẹ́ wọn. Ó sì ní kí ọlọ́pàá ìlú tàbí ti ìpínlẹ̀ tó bá bá wọn ṣiṣẹ́ gba ìpín tirẹ̀, tó lè tó ìdá 80 nínú 100. Láti ìgbà yẹn ni ẹni tó ń pinnu bóyá kí a gba owó yín ti di ẹni tí yóò ná an. Àwa náà mọ̀ pé ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ la ti ń jẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ agbófinró kò yẹ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi kò gbà pé gbogbo ọlọ́pàá tó ń ṣe èyí ló burú. Ohun tí mo gbà ni pé ọ́fíìsì tí owó ọkọ̀ rẹ̀, owó ẹ̀rọ rẹ̀ àti owó iṣẹ́ àfikún rẹ̀ bá ti ń ti inú àpò àwọn awakọ̀ wá, ojú tó fi ń wo àwọn awakọ̀ yóò yí padà, bí ọ̀gá ibẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́.

Institute for Justice, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò tó ti ń ja ìjà yìí tipẹ́, ṣírò rẹ̀ ní 2020 pé ohun tí ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ ti gbà láti ọdún 2000 kò dín ní $68.8 bílíọ̀nù. Ẹ máà rò pé ọwọ́ àwọn ọ̀gá oníṣòwò oògùn ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ní àwọn ìpínlẹ̀ 21 tí wọ́n ti rí àkọsílẹ̀ tó kún, ìdajì nínú owó tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan kò ju $1,276 lọ. Ta ni yóò gba agbẹjọ́rò nítorí $1,276? Owó agbẹjọ́rò á ju owó tí ó fẹ́ gbà padà lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Houston, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gba Tenaha kọjá rí, ìlú kékeré kan ní ìlà oòrùn Texas, lórí ọ̀nà 59. Láàárín 2006 sí 2008, àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ ń dá àwọn awakọ̀ dúró, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n ń gba owó àti góòlù lọ́wọ́ wọn. Lára wọn ni tọkọtaya kan láti Houston, tí àwọn ọmọ wọn wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wọn, tí wọ́n gbé owó tó lé ní $6,000 lọ́wọ́ láti lọ ra ọkọ̀ àlòkù. Wọ́n sọ fún wọn pé kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn fi owó náà sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn á fẹ̀sùn kàn wọ́n, àwọn á sì kó àwọn ọmọ wọn lọ fún ìjọba. Wọ́n fọwọ́ sí i. Òbí wo ni kò ní fọwọ́ sí i? Àwọn agbẹjọ́rò gbé ìlú náà lọ sílé ẹjọ́ ní 2008, ACLU, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú, bá wọn jà á, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2012 pẹ̀lú àdéhùn tó de ọwọ́ àwọn ọlọ́pàá náà. Nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni òfin Texas ṣe sọ láti 2011 pé ọlọ́pàá kò gbọ́dọ̀ gbé ìwé ìjọ̀wọ́ fún ẹnikẹ́ni lójú títì níbi tó ti ń gba ẹrù rẹ̀. Ẹ bi àbúrò yín dáadáa: ǹjẹ́ ó fọwọ́ sí ohunkóhun? Tó bá fọwọ́ sí i, ẹ má ṣe fi pamọ́ fún agbẹjọ́rò. Ó lè jẹ́ ohun tí yóò gbà yín là ni.

Ṣé àwọn ilé ẹjọ́ kò lè dá a dúró ni? Wọ́n gbìyànjú níbì kan, wọ́n jáwọ́ níbòmíràn. Ní 1996, ọ̀rọ̀ obìnrin kan láti Michigan dé ilé ẹjọ́ tó ga jù. Ọkọ rẹ̀ gbé aṣẹ́wó sínú ọkọ̀ àlòkù tí àwọn méjèèjì jọ ni, tí wọ́n rà ní $600. Ìjọba gba ọkọ̀ náà. Obìnrin yìí ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, òun gan-an ni wọ́n ṣẹ̀. Adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, wọ́n ní kò ní ẹ̀tọ́ kankan. Ìdájọ́ yẹn ṣì máa ń bí mi nínú. Ní 2019 wọ́n ṣe dáadáa: nínú ẹjọ́ Timbs, gbogbo wọn fẹnu kò pé àwọn ìpínlẹ̀ náà wà lábẹ́ òfin tó ní owó ìtanràn kò gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Indiana ló gba ọkọ̀ tí wọ́n rà ní $42,000 lọ́wọ́ ẹni tí ìtanràn rẹ̀ kò lè ju $10,000 lọ. Àmọ́ nígbà tó di oṣù karùn-ún 2024, nínú ẹjọ́ Culley v. Marshall, àwọn obìnrin méjì tí wọ́n yá ẹlòmíràn ní ọkọ̀, tí ọlọ́pàá Alabama sì gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n yá, tí wọn kò rí i gbà fún ohun tó lé ní ọdún kan, bẹ ilé ẹjọ́ náà pé kí adájọ́ kan máa tètè wò ó bóyá ó yẹ kí ìjọba ṣì máa di ẹrù ènìyàn mú nígbà tí ẹjọ́ ń lọ. Mẹ́fà sí mẹ́ta, wọ́n ní ìwé òfin kò béèrè ìyẹn. Adájọ́ Gorsuch, tó wà lára àwọn mẹ́fà, kọ̀wé lọ́tọ̀, Adájọ́ Thomas sì tẹ̀ lé e, pé òun ṣì ní ìbéèrè tó jinlẹ̀ nípa gbogbo òfin yìí. Wọn kì í ṣe adájọ́ tí ẹnikẹ́ni ń pè ní ọ̀rẹ́ ọ̀daràn. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì ló ní àwọn tó kórìíra òfin yìí. Ní 2023, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ilé aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí àbá àtúnṣe kan láì sí ẹni tó tako ó. Àbá náà kò di òfin.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ṣe tiwọn. New Mexico fòpin sí i pátápátá ní 2015, Nebraska tẹ̀ lé e ní 2016, Maine ní 2021: níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá ènìyàn lẹ́bi kí wọ́n tó lè gba ẹrù rẹ̀. Texas kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ohun tí ẹ máa ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí owó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìpínlẹ̀ ni àbí ìjọba àpapọ̀, torí ọjọ́ tí òfin fún yín yàtọ̀ síra. Tó bá jẹ́ ìpínlẹ̀ ló fẹ́ gbà á, agbẹjọ́rò ìjọba ní ọjọ́ 30 láti ọjọ́ tí wọ́n kó owó náà láti gbé ẹjọ́ sílé ẹjọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ nínú rẹ̀. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé ilé ẹjọ́ ní káńtì tí wọ́n ti dá a dúró, kì í ṣe Houston, ẹ béèrè bóyá ẹjọ́ kan ti wọlé. Ẹ má fi orúkọ àbúrò yín nìkan wá a. Iye owó náà ni kí ẹ fi wá a pẹ̀lú, torí òun ni olùjẹ́jọ́. Tí wọ́n bá ti fún un ní ìwé ìpẹ̀jọ́, ó gbọ́dọ̀ fèsì kí aago 10 òwúrọ̀ Mọ́ńdè àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ọjọ́ 20 bá pé. Tí kò bá fèsì, wọ́n á dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀, ó parí nìyẹn.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti fà á lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́, lẹ́tà máa wá sí àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Ìjọba ní ọjọ́ 60 láti fi ránṣẹ́, ọjọ́ 90 tó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ló kó owó náà fún wọn. Ṣé ibẹ̀ ló ṣì ń gbé? Mo bẹ̀ yín, ẹ wádìí èyí lónìí, torí lẹ́tà yìí máa ń lọ sí ilé tí ènìyàn ti kó kúrò. Ẹ tún máa wo forfeiture.gov, níbi tí ìjọba àpapọ̀ ti ń polongo ohun tó fẹ́ gbà. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, ọjọ́ 35 ni wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn láti béèrè ohun ìní rẹ̀, ọjọ́ tó parí máa wà nínú lẹ́tà náà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n máa gbé síwájú rẹ̀. Èkíní ni petition: ìyẹn ni kó bẹ ọ́fíìsì tó gba owó náà pé kó ṣàánú òun. Èkejì ni claim, tó máa búra sí, tó sì máa fi ipá mú wọn láti gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ 90, tàbí kí wọ́n dá owó náà padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yan petition torí ó dà bí ohun tó rọrùn. Claim ni kí ẹ yàn. Tí kò bá sí claim, owó náà á di ti ìjọba láì jẹ́ pé adájọ́ kankan fojú kàn án, iye yòówù kó jẹ́.

Nípa ìwé tí wọn kò kọ iye sí: kí àbúrò yín kọ ohun gbogbo tó rántí sílẹ̀ lónìí. Iye owó, bí ó ṣe dì í, irú bébà dọ́là tó wà níbẹ̀, aago tí wọ́n dá a dúró, ohun tí wọ́n bi í, ohun tó fi dáhùn, bóyá ó ní kí wọ́n tú ọkọ̀ àbí wọ́n kàn tú u. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì gan-an. Òfin kò ní kí ọlọ́pàá sọ fún ènìyàn pé ó lè kọ̀, àmọ́ ó lè kọ̀. Láti 2015 sì ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ti sọ pé wọn kò lè dá awakọ̀ dúró kọjá iye àkókò tí ìwé ìtanràn ń gbà, kí wọ́n kàn máa dúró de ajá, àyàfi tí wọ́n bá ní ìdí mìíràn láti fura. Kí agbẹjọ́rò yín béèrè fún fídíò inú ọkọ̀ ọlọ́pàá náà kí wọ́n tó pa á rẹ́.

Èsúsú ni yóò jẹ́ kókó ẹjọ́ yín, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ ti ṣiṣẹ́ jù. Àwa mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ènìyàn 12 fún ara wọn ní owó lóṣooṣù láì kọ ìwé kankan, kó sì má sí ẹni tó jẹ owó ẹnìkejì. Agbẹjọ́rò ìjọba kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó rí ni owó tó pọ̀, tí wọ́n di rọ́bà mọ́, tí kò ti báńkì wá. Ẹ gba ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ olórí èsúsú. Ẹ tọ́jú àwọn ọ̀rọ̀ WhatsApp tí wọ́n fi ń rán ara wọn létí, àti gbogbo Zelle tí ẹnikẹ́ni nínú wọn fi sanwó. Kí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣe ìwé ìbúra pé àwọn san owó, pé oṣù yẹn ni ó kàn án. Lẹ́yìn náà, ìwé ẹni tó ń ta ọkọ̀ ní gbàǹjo, àti àwọn ìwé ọkọ̀ tó ti fi ránṣẹ́ sí Èkó rí. Tí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ náà bá ń bẹ̀rù nítorí owó orí tí kò san, tàbí tí àbúrò yín fúnra rẹ̀ bá ní irú ẹ̀, ẹ sọ fún agbẹjọ́rò kí ẹnikẹ́ni tó búra sí ohunkóhun.

Nípa gíríìnì káàdì rẹ̀: Àtúnṣe Kẹrin àti Ìkarùn-ún (èyí tó ní ìjọba kò gbọ́dọ̀ gba ohun ìní ènìyàn láì tẹ̀ lé òfin) kò sọ pé ọmọ onílùú nìkan ni wọ́n ń dáàbò bò. Bíbéèrè owó ẹni kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó lè ṣèpalára fún un ni kó búra sí irọ́. Nítorí náà, ẹ wá agbẹjọ́rò tó mọ òfin gbẹ́sẹ̀lé, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ náà han ẹni tó mọ òfin ìwọ̀lú.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó tọ́ láti jà, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tó ń gbé ní Texas, gbé $41,377 lọ sí pápákọ̀ òfurufú Houston ní oṣù kẹwàá 2017. Ilé ìwòsàn fún àwọn obìnrin àti ọmọdé ló fẹ́ fi dá sílẹ̀ nílé. Kò kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ń gbé owó tó ju $10,000 jáde, bí òfin ṣe ní kí ènìyàn ṣe, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀. Ó béèrè owó rẹ̀. Ọjọ́ 90 kọjá, wọn kò gbé ẹjọ́ kankan wá. Dípò kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà, wọ́n ní kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní pè wọ́n lẹ́jọ́. Ó kọ̀. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ní 2018, wọ́n sì dá owó rẹ̀ padà láì jẹ́ pé ó fọwọ́ sí ìwé yẹn.

Ẹ gba ìmọ̀ràn kan sí i fún ọjọ́ iwájú. Kò sí òfin tó ní kí ènìyàn má gbé owó, ṣùgbọ́n tí ó bá fẹ́ ra ọkọ̀, kó gba ìwé owó báńkì tàbí kó fi owó ránṣẹ́ láti báńkì. Tó bá sì fẹ́ kó owó èsúsú lọ sí báńkì, kó kó gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Báńkì gbọ́dọ̀ jábọ̀ owó tó bá ju $10,000 lọ, kò sí ewu nínú ìyẹn. Ẹni tó bá gé e sí wẹ́wẹ́ kí báńkì má bàa jábọ̀ ló dẹ́ṣẹ̀, bí owó náà tilẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré ni IRS, iléeṣẹ́ owó orí, gba owó wọn nítorí èyí kí òfin 2019 tó de ọwọ́ rẹ̀. Ní pápákọ̀ òfurufú nílé Amẹ́ríkà pàápàá, àwọn DEA, agbófinró ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti oògùn olóró, máa ń tọ àwọn èrò lọ tẹ́lẹ̀ láti tú ẹrù wọn. Ní oṣù kọkànlá 2024, ọ̀gá àyẹ̀wò iléeṣẹ́ ìdájọ́ fi hàn pé wọ́n ń san owó fún òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan láti máa dárúkọ àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lójijì, ìpín nínú owó tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n sì ń fún un. Oṣù yẹn kan náà ni iléeṣẹ́ ìdájọ́ ní kí DEA dáwọ́ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ dúró.

Ẹ béèrè bóyá olè ni wọ́n jà. Tó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe kọ ọ́ ló ṣẹlẹ̀, lójú tèmi wọ́n gba ohun tí kì í ṣe tiwọn, òfin ló sì ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n wá ṣàlàyé ara wọn níwájú adájọ́. Ẹ lọ sí káńtì náà lọ́la. Tí ẹ bá rí ìwé kankan níbẹ̀, tàbí tí lẹ́tà bá wá sílé, ẹ ya fọ́tò ojú ewé àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ náà gan-an kí n lè mọ ọjọ́ tó kù fún yín.